Bí Mo Ṣe Lọ Wá Àrùn Ìdílé Wa Dé Ìrẹsà

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà. Àwọn kan nínú yín ń lọ ra kaṣú níbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á sì ti padà dé kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni èèyàn fi ń rin ìrìn-àjò. Èmi tí mo pọn ọmọ lọ, tí mo sùn sílé onílé, tí wọ́n ṣì mú fún ẹlòmíràn, tí mo sì gbọ́ ohun tí màmá mi kò sọ fún mi títí ó fi kú, ẹ jẹ́ kí n pè é ní ìrìn-àjò gígùn. Ẹ̀yin ìyá ọmọ tí a jọ wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mo ń kọ ọ́ fún jù, torí ẹ̀yin lẹ ń bi mí pé, "Ìyá Ìrètí, níbo lo wọlẹ̀ sí? Ṣé ọkọ lé ọ ni?" Ọkọ kò lé mi. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Kókó òkè etí

Kókó kékeré kan wà lórí mi, lókè etí ọ̀tún, láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Kò dùn mí, irun sì bò ó. Ìgbà tí mo bí Ìrètí tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Tí ìlarun bá kàn án, á ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n gé e kúrò nílé ìwòsàn kan níbí, wọ́n sì fi ẹran tí wọ́n gé ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi rò pé ó ti parí. Mo ti padà sídìí máṣíìnì, mo ń rán aṣọ ìkómọ lọ ní tèmi, kí wọ́n tó pè mí lórí fóònù pé Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ rí èmi gan-an. Bàbá Ìrètí gbọ́, ó ní, "Ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí á fi ránṣẹ́. Ẹlẹ́ran ni wọ́n wá ń pè yìí." Ó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ ẹ̀rín náà kò jáde.

Ìlú àwọn tí kì í fẹ́ ìkúnlẹ̀

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò ìyá ọkọ mi, ni mo dé sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe tọ́ wa, mo ń kí wọn: ẹ kú ilé, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọ ńkọ́.

"Ọmọ Aláàfin, dìde, dìde!" Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti ń fa apá mi. "Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ ó kúnlẹ̀ kí èèyàn, inú yín á sì máa sọ nǹkan mìíràn."

"Ebi ni inú tèmi ń sọ, mà."

Wọ́n pariwo ẹ̀rín. Ẹ mọ oríkì ìlú náà, pé níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Mo ti rò pé orin lásán ni. Ọkà ni wọ́n gbé fún mi. Bí mo ṣe ń fọwọ́, wọ́n tún gbé ẹ̀kọ yangan gbígbóná dé, wọ́n dúró tì mí kí n mu ún tán. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í rọ èèyàn. Wọ́n á kàn máa wò ọ́ títí ojú á fi tì ọ́ tí wàá jẹun. Ní Ọ̀yọ́, a máa ń kọ́kọ́ kọ oúnjẹ kí wọ́n tó bẹ̀ wá. Mo dán ìyẹn wò lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà." Wọ́n gbé abọ́ wọn padà. Ebi ni mo fi sùn. Látọjọ́ náà, mo fi àṣà wa sílé.

Obìnrin ni dókítà tó ránṣẹ́ pè mí nílé ìwòsàn Ògbómọ̀ṣọ́, kò jù mí lọ púpọ̀. Ó kọ́kọ́ gba Ìrètí lọ́wọ́ mi, ó béèrè oríkì rẹ̀. Mo ní Àbẹ̀ní. Ó kí i dáadáa kó tó kọjú sí mi.

"Màmá Ìrètí, jẹjẹrẹ ni ohun tí wọ́n gé lórí yín."

N kò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Mo ṣì ń fún ọmọ lọ́mú o."

"Ẹ máa fún un lọ. Jẹjẹrẹ kì í gba inú ọmú ran ọmọ. Wọ́n sì ti gé gbogbo rẹ̀ tán, a wo etí rẹ̀ yíká, ó mọ́."

Ó ṣàlàyé pé abẹ́ awọ ara wa ní àwọn àpò tíntìntín tí òógùn ń ti inú wọn jáde, pé inú ọ̀kan nínú wọn ni tèmi ti hù. Ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó tún wá ṣọ̀wọ́n jù lára ọmọ ọdún tèmi, ìdí nìyẹn tí òun fi ránṣẹ́ pè mí.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Télọ̀ ni mí."

"Ó dáa. Tí sísọ́ọ̀sì bá yọ̀ lọ́wọ́ yín níbi tí ẹ ti ń gé aṣọ ńkọ́?"

"Aṣọ yẹn bàjẹ́ nìyẹn."

"Ìkan yẹn nìkan?"

"Ìkan yẹn nìkan ni."

"Tó bá wá jẹ́ pé pátáànì gan-an ló wọ́ ńkọ́?"

Mo ti fẹ́ dáhùn kí n tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Tí pátáànì, bébà tí à ń tẹ́ sórí aṣọ ká tó gé e, bá wọ́, gbogbo aṣọ tí mo bá fi gé ló máa wọ́. Tí ọmọ iṣẹ́ mi bá yá a lò, tirẹ̀ náà á wọ́. Ìrètí jókòó lórí ẹsẹ̀ dókítà, ó ń fa okùn tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Dókítà ní jíìnì ni pátáànì tí Ọlọ́run fi gé èèyàn. Gbogbo jẹjẹrẹ ló ní jíìnì tó yí padà nínú, àmọ́ ọ̀nà méjì ló ń gbà. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, sísọ́ọ̀sì ló yọ̀: ibi kan ṣoṣo ló yí padà, lẹ́yìn tí wọ́n ti bí wọn. Lára àwọn díẹ̀, wọ́n jogún ìyípadà náà ni. Ó ní jíìnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sọ fún awọ orí pé, "Ó tó, má hù mọ́." Méjì méjì la ní in, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó bá jogún ọ̀kan tó ti bàjẹ́, tí èkejì bá tún bàjẹ́ níbì kan, kókó á hù síbẹ̀. Púpọ̀ nínú kókó bẹ́ẹ̀ kì í di jẹjẹrẹ. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ pé òun ní in á máa ṣọ́ ọ.

"Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín ní irú kókó yìí lórí?"

"Rárá o! Kò sí nínú ìdílé wa!"

Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Màmá Ìrètí, mi ò wá fẹ́ yín o."

Ojú tì mí. Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn yẹn. Tí ìdílé ọkọ bá rán èèyàn wá wádìí pé, ṣé kò sí àrùn kan nílé ibí, ìdáhùn ti wà lẹ́nu gbogbo wa kí wọ́n tó béèrè tán. N kò tilẹ̀ ronú kí n tó sọ ọ́.

Dókítà ní kí n lọ ronú. Ìlú òyìnbó ni wọ́n á gbé ẹ̀jẹ̀ mi lọ yẹ̀ wò, àmọ́ òun gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun ń ní kí wọ́n wá. Tó bá jẹ́ ti ìdílé, kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Ó kan Ìrètí náà.

Mo ronú. Bàbá mi pá lórí, mo sì mọ orí náà bí mo ṣe mọ ọpọ́n oúnjẹ mi: ó jọ̀lọ̀. Ó ku ọ̀dọ̀ màmá mi. Ọmọ Ìrẹsà ni, ìlú tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí ni, ibà ló sì pa á kí n tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Láti ìgbà òkú rẹ̀ ni n kò ti dé ilé bàbá rẹ̀, pàápàá bí mo ṣe wá wọ ìjọ aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà.

Àlejò Ọ̀yọ́

Ìrẹsà dára. Igi máńgòrò ló kí mi káàbọ̀, àti làfún tí wọ́n sá sórí àpáta tó funfun láti ọ̀nà jíjìn bí ìgbà tí ènìyàn sá aṣọ. Ọlọ́kadà tó gbé mi bi mí níbi tí mo ti wá, mo ní Ọ̀yọ́. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà agboolé, ó fọn fèrè ọ̀kadà rẹ̀, ó pariwo pé, "Àlejò Ọ̀yọ́ ti dé o!"

Mo rí ìtọ́jú! Wọ́n gba ọmọ lẹ́yìn mi, wọ́n tẹ́ ẹní tuntun, mo gbọ́ ohùn adìẹ kan lẹ́yìn ilé, n kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Iyán dé, ọbẹ̀ dé, itan adìẹ méjèèjì wà nínú àwo mi nìkan. Mo ní, ẹ wo bí àwọn èèyàn màmá mi ṣe fẹ́ràn mi tó. Mo jẹun, mo pọ́n ọwọ́ lá.

Bàbá Ràfíù, ẹ̀gbọ́n màmá mi, jókòó sí iwájú mi pẹ̀lú fìlà rẹ̀, ó tún ohùn ṣe. "Ìyá wa, ẹ kú ìrìn. Ilé tí ẹ dé yìí, a kò ní wèrè. A kò ní wárápá. A kò ní ẹ̀tẹ̀. A kì í jalè. Àwọn ọmọbìnrin wa kì í dá ọkọ lóhùn."

Ibẹ̀ ni mo ti fura. Màmá mi máa ń dá bàbá mi lóhùn dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀dọ̀ ta lẹ rò pé mo ti wá?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn àna wa ní Ọ̀yọ́ kọ́? Ṣé ẹ kì í ṣe ẹni tí wọ́n rán wá wádìí Mùíná?"

"Rárá o, sà. Ọmọ Sáfúrátù ni mí."

Arúgbó kan tó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn bú sẹ́kún, ó dìde, ó dì mọ́ mi. Ìyá Àgbà nìyẹn, àbúrò ìyá tó bí màmá mi. "Sáfúrátù mi! Ojú rẹ̀ rèé! Ẹ wo imú!" Bàbá Ràfíù wo egungun inú àwo mi. "Hàbáà! Adìẹ tí a ń sìn de àna la fi ṣe ọmọ ilé lálejò!" A rẹ́rìn-ín títí. Mùíná, ọmọ rẹ̀, ọmọge tí wọ́n fẹ́ wá fẹ́, ló rẹ́rìn-ín jù.

Nígbà tí mo wá sọ ohun tí mo bá wá, ẹ̀rín náà kú bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ.

"Kò sí nínú ìdílé wa," Bàbá Ràfíù ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, n kò wá wádìí yín fún ẹnikẹ́ni. Nítorí ọmọ yìí ni."

"Mo ní kò sí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹni tí àwọn àna rán ń bọ̀. Tí o bá fẹ́ràn àbúrò rẹ, wàá fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú báàgì rẹ, wàá sì pa báàgì náà dé. Ẹ̀yin aláṣọ funfun yìí, ẹ ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, ẹ ò bẹ̀rù ẹ̀gún. Orí àwọn èèyàn lẹ wá ń bẹ̀rù!"

Wọn kò lé mi. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí n lọ. Àmọ́ mo wá mọ bí ó ṣe ń rí láti jẹ́ àjèjì nínú ilé tí wọ́n ti bí ìyá ẹni. Tí mo bá dé ìdí ààrò, ọ̀rọ̀ á di ti òjò àti ti oko. Wọ́n ń fún ọmọ mi ní wàrà, wọ́n ń pọ̀n ọ́n kiri, wọ́n ń fún mi ní máńgòrò tó pọ́n jù, ṣùgbọ́n tí mo bá ti la ẹnu, ojú á kúrò lára mi.

Yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀

Ohun kan ni mo ṣàkíyèsí. Onídìrí kan wà ní ìta agboolé náà gan-an, lábẹ́ igi. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, àmọ́ kò sí ẹnì kan láti ilé wa. Mo bi Mùíná léèrè.

"Ọwọ́ òde kì í kan orí ọmọ ilé yìí, àǹtí mi. Wọ́n ní kí ayé má baà fọwọ́ ba orí wa jẹ́. Ìyá Àgbà ló ń di irun gbogbo wa, nínú yàrá."

Màmá mi náà kò gbé mi lọ sọ́dọ̀ onídìrí rí. Òun ló ń di irun mi, ó máa ń ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó kú, mo kọ́ bí a ti í di tèmi fúnra mi. Ìgbéraga ni mo kà á sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Àgbà ń di irun Mùíná nínú yàrá. Mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo tú ìborùn mi. Mo dúró kí Mùíná dìde, mo sì jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà.

"Ìyá Àgbà, ẹ bá mi di tèmi náà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la irun mi. Ọwọ́ wọn ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé òkè etí ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti gé mi tí irun kò tíì hù dáadáa. Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀.

"Ta ló gé e?"

"Dókítà ni, mà."

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Kò dùn mí púpọ̀."

"Ó sì ti lọ?"

"Ó ti lọ."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n gbé e lọ sábẹ́ gèlè tiwọn. Kókó ló kún ibẹ̀, ó so pọ̀ bí èso iyeyè, àwọn kan le, àwọn kan rọ̀. N kò yọ ọwọ́ mi.

"Ti ìyá tó bí ìyá rẹ pọ̀ ju báyìí lọ," ni Ìyá Àgbà wí. "Nígbà tí ọ̀kan dégbò tí kò san mọ́, a ní ọ̀tá ló ṣe é. A gbé e kiri títí ó fi kú. Sáfúrátù ní mẹ́ta. Èmi ni mo ń fi irun bò ó. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn bàbá rẹ wá wádìí, wọ́n bi wá, a ní kò sí."

Mùíná tó dúró sẹ́bàá ògiri ló wá sọ̀rọ̀. "Èmi ní méjì. Kò tíì tó ẹ̀wà." Ó wá jókòó tì mí nílẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ má lọ láìmú mi dání. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ rí dókítà yẹn."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Tó bá máa sá, kó tètè sá nígbà tí mi ò tíì bímọ fún un. Ẹsẹ̀ ló máa fi sá, mi ò ní gbà á mú."

Ìyá Àgbà gbá a lórí jẹ́jẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

Ẹni tí wọ́n ń retí

Ẹni tí àwọn àna rán dé lóòótọ́. Ìyá ńlá kan ni, àbúrò bàbá ọkọ ìyàwó. Bó ṣe kúnlẹ̀ kí wa, mo mọ̀ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni kó tó la ẹnu. Wọ́n pa adìẹ mìíràn. Ó kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ ẹ́, bó ti yẹ. Ó wá ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèyàn kì í wọ odò kó má béèrè bó ṣe jìn tó."

Bàbá Ràfíù tún ohùn ṣe. "Ilé tí ẹ dé yìí, a kò ní wèrè, a kò ní wárápá…"

"Ràfíù, jókòó," ni Ìyá Àgbà wí. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, bàbá onírùngbọ̀n, jókòó bí ọmọ iléèwé.

"Ó wà," ni Ìyá Àgbà wí. "Kókó orí ni. Ìyá mi ní in, ẹ̀gbọ́n mi ní in, ó pa á. Èmi ní in. Mùíná ní méjì. Ọmọ tí ẹ ń wò yìí ní ọ̀kan, wọ́n ti gé e ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì wà láàyè, ó ń jẹ iyán wa. A ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ lọ jíṣẹ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́."

Ẹ̀rù bà mí fún Mùíná. Ìyá náà tún ìborùn rẹ̀ wé. Ohùn Ọ̀yọ́ tó fi wọlé ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ojú ni tiwa," ló wí. "Bàbá ọkọ ìyàwó kò ríran mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ti ń lọ bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi ń wo yín. Wọ́n ní kí n má sọ."

Ìyá Àgbà fa àwo ẹran sún mọ́ ọn. "Ẹ jẹun, ìyá mi. Ṣé ẹ ti gbé ojú yẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń wò ó?"

"Ta la fẹ́ sọ fún?"

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá náà bá wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. A pọ̀ débi pé Àǹtí Bọ́sẹ̀ pariwo, "Ṣé gbogbo Ọ̀yọ́ àti Ìrẹsà lẹ kó wá bá mi ni?" kó tó wá ọkà tó tó wa. Bàbá Ràfíù náà dé, ó ní òun kàn wá sin àwọn obìnrin ni. Nígbà tí dókítà yẹ gbogbo wa wò tán, tó wá wo ojú Bàbá Ràfíù, bàbá náà ṣí fìlà: kókó wà lórí tiwọn náà.

Ilé

Èsì ẹ̀jẹ̀ mi ti dé. Pátáànì ló wọ́, ìdílé wa ni. Wọ́n ti gé èyí tó le jù lórí Ìyá Àgbà, kò tíì di jẹjẹrẹ. Ti Mùíná náà kò burú, wọ́n á máa wò ó. Wọ́n ti ṣe yìgì rẹ̀, kò sì jìnnà sí mi ní Ọ̀yọ́ níbí. Ó ti ń dá ọkọ lóhùn. Tèmi kò padà hù. Tí òmíràn bá jáde, mo mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ìrètí lè jogún èyí tó wọ́, ó sì lè jogún èyí tó dára láti ọ̀dọ̀ mi. Ọgbọọgba ni. Dókítà ní ọmọ náà kéré jù láti máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ báyìí. Tó bá dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ bóyá òun fẹ́ mọ̀. Ká máa fọwọ́ wo orí rẹ̀ ni.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ onídìrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán, ní gbangba, níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá. Ọmọ náà ń ké, ó ń ta ẹsẹ̀, ó fi àkàrà pa itan obìnrin náà. Mo sọ fún obìnrin náà ohun tó wà nínú ìdílé wa. Ó wò mí.

"Ìyá Ìrètí, kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ di ṣùkú fún un. Tí ọwọ́ yín bá kan nǹkan, ẹ pè mí, ẹ má dákẹ́."

Ó gbé orí ọmọ mi lé ẹsẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ yí po, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la irun rẹ̀.